Gàrí àti Ẹ̀wà Nínú Yàrá Kan ní Kabusa

Ohun tó kọ́kọ́ já mi láyà ní Àbújá ni pé kò sẹ́ni tó bi mí pé ọmọ ta ni mí. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, o ò lè rìn kọjá ilé mẹ́ta kí àgbàlagbà kan má pè ọ́ dúró. Á bi ọ́ léèrè baba rẹ, á sì ka àwọn tó bí baba rẹ sí ọ létí kó tó jẹ́ kí o máa lọ. Láti kékeré ni mo ti máa ń sá fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo gbé báàgì mi lórí, tí mo rìn láti ojú títì wọ àdúgbò Kabusa, táwọn èèyàn wò mí tán tí wọ́n sì ń bá tiwọn lọ, mo rí i pé ìbéèrè yẹn ti jẹ́ òpó lẹ́yìn mi, tí mi ò mọ̀.

Iṣẹ́ ló gbé mi wá. Ọkọ mi kú nígbà tí Àríkẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tá a bí, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta gẹ̀ẹ̀gẹ̀ẹ́ rìn. Mo rán aṣọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ títí, yunifọ́ọ̀mù ọmọléèwé, aṣọ ẹgbẹ́ akọrin, ohun tó ń wọlé kò tó gbọ́ bùkátà. Nígbà tí ará àdúgbò wa kan tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ́tìnì l'Ábújá ránṣẹ́ pé òun ń wá ẹni tó mọ maṣíìnì lò dáadáa, mo fi Àríkẹ́ sọ́dọ̀ ìyá mi, mo sì lọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Mo sọ fún un pé mi ò ní pẹ́. Ohun tí gbogbo èèyàn máa ń sọ náà nìyẹn.

Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé fèrèsé lè ga tó bẹ́ẹ̀. Aṣọ tá a lè fi rán kaba fún gbogbo obìnrin agbo ilé wa, fèrèsé kan ṣoṣo ní Maitama, àdúgbò àwọn olówó, ló ń wọ̀ ọ́. Èmi ni mò ń ṣẹ́ etí rẹ̀, èmi ni mò ń ká a ní ìṣẹ́po, awakọ̀ ọ̀gá mi á wá kó o lọ, ó tán. Mi ò rí ibi tí wọ́n gbé kọ́ ọ̀kan rí.

Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń kíni ní èdè Hausa. Mo ń sọ pé sànnu, mo sì ń dáhùn pé yauwa. Ẹnu mi á ṣì wà lórí ìyókù ìkíni, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀ yìí, àwọn ọmọ ńkọ́, ẹni tí mo kí á sì ti kọjá. Mo máa ń rò pé ẹnu wọn wúwo ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìkíni tiwọn náà gùn gan-an, èmi ni mi ò mọ ìyókù rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, tí ìsìn bá ti parí, mo máa ń pe ilé. Ìyá mi á sọ ti òjò, á sọ ti orúnkún tó ń dùn ún, á sọ ti màngó ẹ̀yìnkùlé tó ti ń pọ́n. Lẹ́yìn náà á ní, "Gba, kí màmá ẹ." Àríkẹ́ á gba fóònù.

"Ẹ káàsán mà."

Mo máa bi í bóyá ó ti jẹun, á ní òun ti jẹun mà. Mo máa béèrè ilé ìwé, á ní ó wà mà. Lẹ́yìn ìyẹn kò sí nǹkan mọ́. Màá máa gbọ́ adìyẹ tó ń ké nínú àgbàlá wa, màá máa gbọ́ ẹni tó ń gbálẹ̀ lókèèrè, màá sì fẹ́ kí fóònù náà má kú, nítorí pé mo lè fojú inú rí ibi tó dúró sí gan-an, lẹ́bàá àmù, níbi tí èmi náà máa ń dúró sí. Kò ní pẹ́ tí á fi dá fóònù padà fún ìyá mi. "Mà" yẹn ló máa ń dùn mí jù. Ọmọ mi ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń dá tíṣà lóhùn. Ìyá mi ló ń pè ní Màámi. Èmi ni Màmá Àbújá.

Eku ló mú ológbò wọ ọ̀rọ̀ wa. Lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń kó iṣẹ́ tó bá ṣẹ́ kù wá sí yàrá mi, níbi tí mo gbé maṣíìnì kékeré kan sí, eku sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etí aṣọ oníbàárà. Màmá Háwà ni obìnrin tí yàrá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ó ń po kúnú, ohun mímu ọkà àwọn Hausa, tà lẹ́nu ọ̀nà. Ológbò rẹ̀ bímọ sẹ́yìn igi ìdáná. Lọ́jọ́ kan ó kan ilẹ̀kùn mi, ó ṣí ìborùn èjìká rẹ̀, ọmọ ológbò méjì ló wà nínú ẹ̀. Èdè Pijin la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Ó ní wọn ò tíì lè pa nǹkan kan báyìí, ṣùgbọ́n tí eku bá ti gbọ́ òórùn wọn, ara rẹ̀ á kọ́kọ́ wálẹ̀. Ó ní kí n má jẹ́ kí wọ́n jáde nítorí ajá tó wà nínú ọgbà. Ó fi hàn mí bí màá ṣe bu iyanrìn sínú báfù ike pẹlẹbẹ kan sí igun yàrá, tí màá máa gbé wọn sí i tí wọ́n bá ti jẹun tán. Mi ò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì gan-an, wọ́n lọ síbẹ̀ fúnra wọn, wọ́n gbẹ́ ihò, wọ́n ṣe tiwọn, wọ́n sì fi ọwọ́ kékeré wọn bò ó. Mo dúró, mò ń wò wọ́n bí ẹni wo àrà.

Mo sọ ọ́ fún Àríkẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi, nítorí pé mi ò ní ohun mìíràn láti sọ.

"Àwọ̀ wo ni wọ́n?"

Kò fi "mà" sí i. Mo rọra dá a lóhùn, kí n má baà lé ohun tó dé yẹn lọ. Mo ní ọ̀kan pupa rúsúrúsú tó ní àmì dúdú lára, èkejì funfun tó fẹ́ pọ́n díẹ̀. Ó ronú, ó wá ní Ẹ̀wà ni kí n máa pe ti àkọ́kọ́, kí n máa pe èkejì ní Gàrí. Mo bi í pé kí ló dé tó jẹ́ oúnjẹ. Ó ní torí pé àwọn méjèèjì máa ń lọ pọ̀ ni.

Láti ọjọ́ yẹn, ó ń gba fóònù ìyá mi láàárín ọ̀sẹ̀ láti fi pè mí. Kì í kí mi kó tó béèrè: Gàrí ńkọ́? Ṣé Ẹ̀wà ti ń gun kọ́tìnì? Èmi náà wá di ẹni tó ń wo ológbò bí oníròyìn. Tí mo bá wà níbi maṣíìnì ní ṣọ́ọ̀bù, màá máa to ohun tí wọ́n ṣe láàárọ̀ lẹ́sẹẹsẹ nínú ọkàn mi kí n lè rí i sọ. Mo sọ fún un pé Gàrí ti ń sanra, pé ikùn rẹ̀ rí róbótó. Inú rẹ̀ dùn púpọ̀.

Ilé tí mò ń gbé báyìí ní yàrá méjì àti omi tó ń yọ nínú ilé. Síbẹ̀ yàrá Kabusa yẹn ni mo máa ń rí lójú àlá. Bí páànù rẹ̀ ṣe ń ta gbì tí oòrùn bá mú, òórùn kúnú oní-ata tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ẹranko kéékèèké méjì tí wọ́n sùn lé ara wọn nínú àjákù aṣọ fèrèsé olówó. Nígbà tí mo wà nínú rẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń ṣàárò. Mi ò mọ̀ pé mò ń kó àárò mìíràn jọ níbẹ̀.

Ìdààmú náà bẹ̀rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Mo jí láàárọ̀ kan, mo fẹsẹ̀ tẹ nǹkan tútù lẹ́nu ọ̀nà. Gàrí ló yàgbẹ́ síbẹ̀. Mo rò pé iyanrìn ló ti dọ̀tí jù, mo pààrọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó tún ṣe é sábẹ́ ibùsùn, tí báfù wà nítòsí tí kò sí ohun tó dí i lọ́nà. Nígbà tó ṣe, Ẹ̀wà náà bẹ̀rẹ̀. Mo gbé báfù kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì, mo rò pé ariwo ló ń lé wọn. Mo gbé e lọ sí igun kejì. Kò yí padà. Gàrí á wọ inú báfù, á gbẹ́ iyanrìn díẹ̀, á ké, á sì fò jáde bí ẹni tí iná jó, á lọ ṣe é síbòmíràn.

Ibòmíràn tó wá burú ni orí kọ́tìnì aláwọ̀ wàrà tí mo ti ká sórí àga, tí oníbàárà ń dúró dè. Ìgbẹ́ gbuuru ni. Mo fọ̀ ọ́ títí ọwọ́ mi fi bó, àmì rẹ̀ kò tán pátápátá. Ọ̀gá mi kò pariwo. Ó wo aṣọ náà, ó ní kí n tú apá yẹn, kí n rán òmíràn sí i, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé ẹranko tí kò mọ ibi tí wọ́n ń ṣe é sí, ìta ló yẹ ẹ́. Àwọn tá a jọ ń gbé ọgbà náà ti ń fi ọwọ́ bo imú tí wọ́n bá ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi. Mo mọ̀ pé bí mo bá lé wọn jáde, ajá ọgbà ò ní jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá wọn. Mo sì mọ̀ pé Àríkẹ́ á pè.

Mo pe ìyá mi kí Àríkẹ́ tó dé láti ilé ìwé. Mo ro gbogbo ẹjọ́ náà fún un. Mo rò pé á ní kí n kó ìranù dà nù. Ó kàn rọra bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín ni.

"Ìwọ náà ṣe bẹ́ẹ̀ o," ló wí. "O ti mọ póò jókòó sí dáadáa, àfi bó o ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é sára. Ìyá bàbá ẹ ní agídí ni. Mo ní ọmọ mi kì í ṣe alágídí, inú ló ń dùn ún. Nígbà tá a wo ìgbẹ́ ẹ, aràn ni. Lọ wo ti àwọn ẹran yẹn."

Ó ní omi ewúro lòun fi wo tèmi, kóró ìbẹ́pẹ lòun fi tì í lẹ́yìn. Mi ò gbọ́ ìtàn yẹn rí. Ó yà mí lẹ́nu pé mo ní láti rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀, kí n sì ní ìdààmú ológbò, kí ìyá mi tó rántí láti sọ bó ṣe gbèjà mi.

Mo mú igi kékeré, mo tú ìgbẹ́ Gàrí wò. Ohun funfun ló wà nínú ẹ̀, ó tín-ín-rín bí òwú tí mo fi ń ṣẹ́ etí kọ́tìnì, ó sì ń yí. Mo gbé Gàrí sórí ẹsẹ̀ mi. Ikùn rẹ̀ le bí bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fọwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀, egungun ni mò ń kà. Ohun tí mo ti ń pè ní ìsanra láti ọjọ́ yìí, àrùn ni.

Màmá Háwà wo inú báfù, ó ní, "Kai." Ó wọlé lọ, ó mú agbọ̀n tó fi ń gbé igbá kúnú jáde, ó da igbá sílẹ̀, ó kó àwọn ọmọ ológbò sí i, ó ní ká lọ. Kò tà lọ́jọ́ náà. A wọ kẹ̀kẹ́, ó gbé agbọ̀n lé itan, ó sì fi ìborùn rẹ̀ bò ó kí oòrùn má pa wọ́n.

Dókítà ẹranko tá a bá jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì mi tó ń kọsẹ̀ ṣàlàyé, ó wá fi Yorùbá dá mi lóhùn, èyí tó ń dún bíi ti ará Kàbbà. Láti ìgbà tí mo ti dé Àbújá, yàtọ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti ṣọ́ọ̀bù, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni máa fi èdè mi bá mi sọ ohun tó ń dẹ́rù bà mí.

Ó ṣàlàyé pé àwọn ọmọ náà lè ti kó aràn náà láti inú ọmú ìyá wọn, ó sì ti wá pọ̀ nínú ìfun wọn. Ó ní tí inú bá ń dun ológbò nígbà tó bá wà nínú báfù, báfù yẹn ló máa rò pé ó ń dun òun, á sì máa sá fún un. Kì í ṣe agídí. Mo bi í nípa omi ewúro àti kóró ìbẹ́pẹ. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n má fún wọn, pé ara wọn kéré, ohun tí ara èèyàn gbà lè ṣe wọ́n ní jàǹbá. Ó gbé wọn sórí òṣùwọ̀n níkọ̀ọ̀kan, ó sì fi síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ fún wọn ní oògùn aràn lẹ́nu. Ó ní ká padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì fún òmíràn, torí pé èyí tó ṣì kéré nínú ara wọn á dàgbà lẹ́yìn èyí tó bá kú. Kí n da gbogbo iyanrìn nù, kí n fi omi gbígbóná fọ báfù, kí n ya ti ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára ti èkejì, kí n sì máa fọ ọwọ́ mi dáadáa, torí pé aràn náà lè ran èèyàn, pàápàá ọmọdé. Ó sọ fún Màmá Háwà kó gbé ìyá ológbò náà wá.

Lẹ́yìn náà ó ṣí ẹnu Gàrí, ó fi èrìgì rẹ̀ hàn mí. Ó funfun bíi bébà. "Mà, mi ò fẹ́ tàn yín," ó wí. "Ẹ̀jẹ̀ èyí ti lọ jù. A máa gbìyànjú."

Kò pẹ́ tí ara Ẹ̀wà fi yá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo gbọ́ tí iyanrìn ń ró ní igun yàrá, hàn-ìn, hàn-ìn, mo gbórí sókè lórí ibùsùn, mo rí i tó jókòó sínú báfù tirẹ̀, tó tẹjú mọ́ mi bí àgbà. Mo pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi, odindi obìnrin, mò ń pàtẹ́wọ́ fún ológbò tó yàgbẹ́. Mo pe Màmá Háwà kó wá wò ó, òun náà wá, a sì jọ dúró níbẹ̀, a ń rẹ́rìn-ín.

Gàrí kò dìde. Mo ń fi síríńjì kán omi sí i lẹ́nu kí n tó lọ síbi iṣẹ́, Màmá Háwà á ṣe tirẹ̀ lọ́sàn-án. A gbé e padà sọ́dọ̀ dókítà, ó fa omi sí i lábẹ́ awọ, ara rẹ̀ jí pépé fún ìwọ̀nba wákàtí. Lọ́sàn-án Sátidé, lórí ẹsẹ̀ mi, pẹ̀lú iṣẹ́ tí mi ò tíì fọwọ́ kàn lórí maṣíìnì, ó mí èémí gígùn kan, kò sì mí òmíràn. Màmá Háwà gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ igi dóńgóyárò lẹ́yìn ọgbà. Ó sọ̀rọ̀ gígùn kan ní èdè Hausa lórí rẹ̀. Mi ò mọ ohun tó sọ, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tó yẹ kí n ti ṣe àmín.

Ìyá mi ní kí n sọ fún Àríkẹ́ pé ó sá lọ. Ó ní ọmọdé ni, á gbàgbé. Mo rò ó wò. Ó rọrùn láti sọ, ẹnu mi sì mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sá lọ lè padà wá, ọmọ náà á sì máa retí rẹ̀ lójoojúmọ́. Mo ti mọ ọmọ kan tó ń retí tó.

Nígbà tó pè, mo jẹ́ kó béèrè tán. Mo ní, "Àríkẹ́, Gàrí kú."

Ó béèrè, ohùn rẹ̀ kéré gan-an, "Ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀. Orí ẹsẹ̀ mi ló wà."

Ó bú sẹ́kún. Ó ń pe Màámi. Mo kọ́kọ́ rò pé ìyá mi ló ń ké sí, títí mo fi gbọ́ pé ẹnu rẹ̀ wà lára fóònù. Ó sunkún Gàrí, ó sunkún pé Ẹ̀wà á dá wà, nígbà tó sì pẹ́, ó ní, "Ẹ ní ẹ ò ní pẹ́."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀." Mo sì dúró lórí fóònù tí ó ń sunkún, mi ò ní kó dákẹ́. Láti ìgbà tí mo ti fi ilé sílẹ̀, kò sí ohun tó dùn mí tó ẹkún yẹn, kò sì sí ohun tí mo lè fi pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó máa sunkún síni lọ́rùn, ó ti gbà pé ọrùn ẹni wà níbẹ̀.

Nígbà tí ilé ìwé wọn gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn, arábìnrin kan nínú ìjọ ìyá mi tó ń bọ̀ wá wo ọmọ rẹ̀ l'Ábújá mú Àríkẹ́ dání. Mo lọ pàdé wọn ní gáréèjì Zuba. Mo ra ọ̀pẹ̀yìnbó àti ọsàn lọ́jà èso, mo dúró dì wọ́n mú títí apá fi ń ro mí. Ọmọ tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ga ju èyí tó wà nínú ọkàn mi lọ. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ilé mà." Mo gbá a mọ́ra, ara rẹ̀ le bí ẹrù tí wọ́n dì. Nínú ọkọ̀ títí dé Kabusa, ojú fèrèsé ló wà, àwọn ilé gíga ló ń wò.

Bá a ṣe ṣílẹ̀kùn, Ẹ̀wà rí àlejò, ó fò kúrò lórí aṣọ, ó wọ abẹ́ ibùsùn lọ. Ojú tì mí. Mo ti fẹ́ kó pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mò ń pòṣé pè é, mo mú ẹja gbígbẹ jáde, mò ń nà án sí i, mò ń bẹ̀ ẹ́. Àríkẹ́ gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ má pè é, Màámi," ó wí. "Kò mọ̀ mí ni. Tó bá yá, á jáde fúnra ẹ̀."

Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ibùsùn, kò sì wo abẹ́ rẹ̀ rárá. Mo fi ẹja náà sílẹ̀, mo lọ jókòó tì í. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gba etí fèrèsé wọlé. Màmá Háwà ń fọ igbá lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kọrin sábẹ́ ahọ́n, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti yọjú. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Àríkẹ́ tú ìborùn rẹ̀, ó gbé e lé itan, èjìká rẹ̀ sì rọra wá gbára lé apá mi. Mi ò mọ̀ bóyá oorun ló gbé e, mi ò sì wò ó. Mo gbọ́ tí èékánná kékeré ń rìn bọ̀ lórí sìmẹ́ǹtì lẹ́yìn wa. Mo jókòó jẹ́ẹ́, mi ò pe ẹnikẹ́ni.